Ojú Ewé Ìdílé: Ìwé owó ìyá alákàrà

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń di olówó, nítorí èmi tí mo ń kọ ọ́ kì í ṣe olówó. Ọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe lè mọ ibi tí owó rẹ̀ ń gbà lọ ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn Mísà, obìnrin kan tí ó máa ń dín àkàrà tà ní ìkóríta tí ó wà nítòsí ilé ìwé wá bá mi lábẹ́ igi. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní: «Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí ìwé yìí. Mo fẹ́ yá 100.000 fàráǹ. Wọ́n ní kí n mú onídùúró wá.»

Mo bi í pé: «Ìyá, kí ni ẹ fẹ́ fi owó náà ṣe?»

Ó ní: «Kí n fi kún ọjà mi ni. Mo ń tà, mo ń tà, n kò rí èrè kankan. Ojoojúmọ́ ni àkàrà mi ń tán. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, ó ń ni mí lára láti rí owó ẹ̀wà ọjọ́ kejì. Bóyá owó ọjà mi ni ó kéré jù.»

Ẹ̀yin ará, onídùúró kì í ṣe ẹni tí ó kàn fi bíìkì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Bí ẹni tí ó yá owó kò bá lè san án, onídùúró ni yóò san án. 100.000 fàráǹ kì í sì í ṣe owó kékeré nínú ilé mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ara mi nìkan ni ẹ̀rù fi bà mí. Ẹni tí kò mọ ibi tí ọjà rẹ̀ ti ń jò, tí ó wá lọ yá owó kún un, ó dà bí ẹni tí ó ń pọn omi sínú ìkòkò tí ó ti lu. Omi púpọ̀ kì í dí ihò.

Mo dá a lóhùn pé: «N kò kọ̀, Ìyá. Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí a jọ ka ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde fún ọjọ́ kan péré. Bí ẹ bá tajà tán lọ́la, ẹ yà sí ilé wa.»

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: «Olùkọ́, èmi tí n kò mọ̀wé?»

Mo ní: «Ẹ mọ owó kà. Ìyẹn tó.»

ÌṢIRÒ ỌJỌ́ KAN

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó dé. A jókòó sí ẹ̀hìn ilé, èmi, òun, àti ìyá àwọn ọmọ mi. Mo ṣí kàyé kan, mo fa ìlà kan sí àárín ojú ewé rẹ̀. Ní apá kan mo kọ «Ó wọlé», ní apá kejì mo kọ «Ó jáde». Mo ní kí ó sọ gbogbo ohun tí ó ná sórí àkàrà ọjọ́ náà, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ohun tí ó sọ nìyí:

Ẹ̀wà: 2.500 fàráǹ.
Òróró: 2.000 fàráǹ.
Ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀: 700 fàráǹ.
Igi ìdáná: 600 fàráǹ.
Owó ọlọ: 300 fàráǹ.
Ìwé tí ó fi ń dì í fún oníbàárà: 200 fàráǹ.
Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà: 100 fàráǹ.
Àpapọ̀ ohun tí ó jáde: 6.400 fàráǹ.

Mo tún bi í pé: «Bí ẹ bá ta gbogbo àkàrà tí ẹ dín lónìí, tí gbogbo ènìyàn sì san owó, èló ni ẹ ó rí?» Ó di ojú, ó ṣírò rẹ̀ lórí kíá, kíá ju bí èmi ì bá ti ṣe é nínú kàyé lọ. Ó ní: «8.000 fàráǹ.» Mo ní: «Èló ni ó wà nínú àpò yín báyìí?» Ó tú u jáde, a kà á: 6.700 fàráǹ.

Ìyá àwọn ọmọ mi ni ó béèrè ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní: «Ìyá, níbo ni 1.300 yòókù wà?»

Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní: «Háà! Àwọn kan gbà á láwìn.» A ka àwìn náà lọ́kọ̀ọ̀kan: 900 fàráǹ. Ó kù 400. Ó tún ronú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín: «Àwọn ọmọ mi jẹ ẹ́ kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwé.»

Ẹ wò ó dáadáa. Ó dín àkàrà 8.000 fàráǹ, ó ná 6.400 fàráǹ. Èrè rẹ̀ jẹ́ 1.600 fàráǹ. Ọjà náà kò bàjẹ́ rárá! Ṣùgbọ́n èrè náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta: 900 wà lọ́wọ́ àwọn onígbèsè, 400 wà nínú ikùn àwọn ọmọ, 300 péré ni ó sì wà nínú àpò rẹ̀. Nítorí pé 300 yìí nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí, ó rò pé òun kò jèrè. Bí ó bá wá mú 500 nínú àpò kan náà lọ fi kí ẹni tí ó ṣe ìsọmọlórúkọ, ó ti jẹ 300 èrè tán, ó sì ti jẹ 200 lára ojú owó. Ìdí nìyí tí owó ẹ̀wà ọjọ́ kejì kì í fi pé.

Kì í ṣe 100.000 fàráǹ ni ìyá yìí ṣe aláìní. Ohun tí ó ṣe aláìní ni ìlà kan láàárín ojú ewé kàyé.

ÌWÉ ÌYÁWÓ NÁÀ

Mo tún ka ìwé ìyáwó tí ó mú wá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oṣù 10 ni yóò fi san án, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 2 nínú 100 lóṣooṣù. Ẹni tí ó bá gbọ́ «2 nínú 100» yóò rò pé ohun kékeré ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni a lè gbà ṣírò rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀nà kìíní: wọ́n lè ka èlé lórí gbogbo 100.000 náà lóṣooṣù títí dé òpin, bí ẹ tilẹ̀ ti san apá kan rẹ̀. 2.000 lọ́nà 10, èlé náà jẹ́ 20.000 fàráǹ. Ọ̀nà kejì: wọ́n lè ka èlé lórí ohun tí ó kù lọ́rùn yín nìkan. Bí ẹ bá ń san 10.000 lára ojú owó lóṣooṣù, èlé oṣù kìíní jẹ́ 2.000, ti oṣù kejì 1.800, ti ẹ̀kẹta 1.600, títí yóò fi di 200 ní oṣù kẹwàá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11.000 fàráǹ. «2 nínú 100» kan náà, «oṣù 10» kan náà, ṣùgbọ́n 9.000 fàráǹ ni ó wà láàárín wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ béèrè pé: «Lápapọ̀, èló ni n ó san padà?» Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè yìí. Ìtìjú ni kí ènìyàn máa sá fún onígbèsè lójú ọ̀nà.

ÌṢIRÒ KÌ Í ṢE TI ÒYÌNBÓ NÌKAN

Àwọn kan máa ń sọ pé ìwé owó jẹ́ ohun tí àwọn tí ó lọ sí ilé ìwé gíga ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ìyá wa ń ka owó ẹyọ: 40 ní okùn kan, 50 okùn ní orí kan, tí í ṣe ẹgbàá, 2.000, orí 10 ní àpò kan, tí í ṣe ọ̀kẹ́ kan, 20.000. Wọn kò ní kàyé, wọ́n sì ń bá àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn dúnàádúrà. Ilà tí a fi èédú fà sára ògiri láti rántí ẹni tí ó jẹ gbèsè, ìwé owó ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí ó tan ìmọ̀ ìṣirò owó káàkiri ni èyí tí Luca Pacioli kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní Venice ní 1494. Ọmọ ẹgbẹ́ Fransísì Mímọ́ ni. Òun kọ́ ni ó dá ọ̀nà ìṣirò náà sílẹ̀, nítorí àwọn oníṣòwò Venice ti ń lò ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè Ítálì tí àwọn ènìyàn ń sọ, kì í ṣe ní Látìnì àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó ní kí oníṣòwò ní ìwé kan tí a ó máa kọ ohun gbogbo sí lójoojúmọ́, kí àwọn ará ilé tí ó mọ̀ ọ́n kọ sì máa kọ sínú rẹ̀ bí olórí ilé kò bá sí nílé, àti obìnrin pàápàá. Bí ọmọ ẹgbẹ́ Fransísì Mímọ́ kan bá lè kọ ìṣirò ní èdè ọjà ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, kí ni ó dé tí àwa kò ní lè ṣe é ní èdè Yorùbá lónìí?

Ẹ má ṣe rò pé mo ń fi ara mi ṣe ọlọ́gbọ́n. Ní 2009, mo ra àpò àgbàdo 10 nígbà ìkórè, mo fẹ́ tà á nígbà tí ó bá wọ́n. Mo tà á lóòótọ́, àpò kan lẹ́yìn òmíràn. Ṣùgbọ́n inú àpò ṣòkòtò kan náà ni mo ń kó owó àgbàdo àti owó ilé sí. Owó ilé ìwé ọmọ jáde níbẹ̀, owó oògùn jáde níbẹ̀, owó òkú àna mi jáde níbẹ̀. Nígbà tí ìkórè tún dé, owó tí ó wà lọ́wọ́ mi kò ju ti àpò mẹ́fà lọ. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá mo jèrè tàbí mo pàdánù. Mo ti kọ́ Látìnì ní sẹ́mínárì, mo mọ ìṣirò onígun mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ mi láti fa ìlà kan sí àárín ojú ewé.

ÀPÒ MÉJÌ

Ohun tí a jọ fi ẹnu kò sí ní alẹ́ ọjọ́ náà nìyí. Ẹnikẹ́ni tí ó ń tà tí ó ń rà lè ṣe é, ìbáà ṣe aláta, aránṣọ, tàbí ọlọ́kadà.

Èkíní, kí àpò jẹ́ méjì: àpò ọjà àti àpò ilé. Owó kì í ti inú àpò ọjà bọ́ sínú àpò ilé láìjẹ́ pé a kọ ọ́ sílẹ̀.

Èkejì, kí ìyá náà san owó iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Òun ni ó ń jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, òun ni èéfín ń wọ̀ lójú. A pinnu 1.000 fàráǹ lójúmọ́: 400 rẹ̀ ni àkàrà tí àwọn ọmọ ń jẹ, 600 yòókù wọ àpò ilé. Kí àwọn ọmọ máa jẹun o! Ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ pé ilé ni ó jẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí àwìn má kọjá 300 fàráǹ lójúmọ́, kí ẹni tí kò bá tíì san ti àná má sì gba ti òní. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, 7.300 ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ dípò 6.700. Bí ó bá yọ 6.400 tí ó ná kúrò, ó ku 900. 600 lọ sí ilé, 300 kù nínú àpò ọjà.

Ẹ̀kẹrin, kí ó rántí agbada rẹ̀. Agbada tí ó rà ní 12.000 fàráǹ lè lò tó ọdún méjì. Èyí jẹ́ 500 fàráǹ lóṣù, ìyẹn 20 fàráǹ lójúmọ́ bí ó bá ń tajà ní ọjọ́ 25 nínú oṣù. Bí kò bá yọ 20 fàráǹ yìí sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ tí agbada bá lu ni yóò tún wá onídùúró.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó máa dá àjọ 200 fàráǹ láti inú ohun tí ó kù. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa, ilé 31 ni ó wà lórí káàdì alájọ, alájọ yóò sì mú ti ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀. 200 lọ́nà 31 jẹ́ 6.200, 6.000 ni yóò padà sí ọwọ́ rẹ̀. Kí ó rí i pé wọ́n sàmì sí káàdì náà lójú ara rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

ẸNI TÍ KÒ MỌ̀WÉ ŃKỌ́?

Ìyá wa kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ḿbà orí owó. Nítorí náà a ya àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ kàyé náà: hóró ẹ̀wà fún ẹ̀wà, ìgò fún òróró, igi fún ìdáná, ojú ọmọdé fún ohun tí àwọn ọmọ jẹ. Ó ń kọ nọ́ḿbà sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó wà ní kíláàsì kárùn-ún ń bá a ṣe àpapọ̀ ní alẹ́, ìyá fúnra rẹ̀ sì ń ka owó náà láti mọ̀ bóyá ó bá ti ìwé mu. Fún àwọn tí ó jẹ gbèsè, ó fún olúkúlùkù ní àmì tirẹ̀: kẹ̀kẹ́ fún ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́, abẹ́rẹ́ fún aránṣọ. Ilà kan dúró fún 50 fàráǹ.

Owó tí ó bá gba orí fóònù wọlé, kí a kọ òun náà, kí a sì kọ iye tí wọ́n yọ nígbà tí a lọ gbà á. Owó tí ojú kò rí ni ó yá láti gbàgbé.

Òfin pàápàá béèrè irú èyí lọ́wọ́ oníṣòwò kékeré. Benin àti Togo wà nínú ẹgbẹ́ OHADA, tí àdéhùn rẹ̀ di fífọwọ́sí ní Port-Louis ní 1993. Òfin ìṣòwò tí ẹgbẹ́ náà ṣe ní 2010 dá orúkọ kan sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tóbi: «entreprenant». Lára ohun tí ó ní kí ó ṣe ni pé kí ó ní ìwé kan tí yóò máa kọ sí lójoojúmọ́, ibi tí owó ti wá àti iye rẹ̀, ibi tí owó lọ àti iye rẹ̀, kí ó ya owó ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó gba ọ̀nà mìíràn wọlé, kí ó sì pa ìwé náà mọ́ fún ọdún 5 ó kéré tán. Ẹ wò ó: ìlà kan láàárín ojú ewé náà ni.

ORÚKỌ TÍ MO RÍ NÍNÚ ÌWÉ NÁÀ

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá alákàrà mú kàyé rẹ̀ wá. A ka gbogbo àwìn tí ó wà níta, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí: 11.400 fàráǹ. Mo ń wo àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí kẹ̀kẹ́, mo rí abẹ́rẹ́. Mo tún rí àgbélébùú kékeré kan, ilà tí ó wà níwájú rẹ̀ sì pọ̀ lọ jàra. Mo bi í pé: «Ìyá, ta ni ó ni àgbélébùú yìí?»

Kò dáhùn. Ó wo ilẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ mi ni ó sọ ọ́: «Bàbá, àwa ni.»

1.850 fàráǹ! Àwọn ọmọ mi ń gba àkàrà láwìn ní òwúrọ̀ bí wọ́n ti ń lọ sí ilé ìwé, wọ́n ń sọ pé bàbá àwọn yóò san. Obìnrin náà kò lè béèrè lọ́wọ́ Olùkọ́. Ó yá a lára láti wá onídùúró fún 100.000 fàráǹ ju kí ó sọ fún mi pé mo jẹ òun ní gbèsè lọ. Èmi tí mo ń bẹ̀rù ihò inú ìkòkò rẹ̀, èmi pẹ̀lú wà lára ihò náà. Mo san án ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì tọrọ àforíjì.

Láàárín oṣù kan, ó gba 7.000 fàráǹ padà nínú àwìn náà. 4.400 kò tíì padà, ẹnì kan nínú àwọn onígbèsè sì ti kó kúrò ní ìlú. Ó fi 7.000 náà ra òróró ní kẹ́ẹ̀gì dípò ìgò kékeré ojoojúmọ́. Òróró tí ń gba 2.000 lójúmọ́ ti di 1.700. Èyí jẹ́ 300 fàráǹ sí i lójúmọ́ láìyá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé ìyáwó náà ṣì wà nínú àpótí mi, n kò fọwọ́ sí i. Bí ó bá di ọjọ́ kan tí ó fẹ́ ra ẹ̀wà ní àpò, tí kàyé rẹ̀ sì fi hàn pé ọjà rẹ̀ lè san án, èmi ni yóò kọ́kọ́ mú bíìkì.

Ẹ̀yin ará, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe kí oṣù yìí tó parí. Ẹ ra kàyé kan, kí ẹ fa ìlà sí àárín ojú ewé rẹ̀. Ẹ ya àpò ọjà kúrò lára àpò ilé. Kí ẹ sì lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá alákàrà, ìyá ẹlẹ́kọ, àti aránṣọ àdúgbò yín bóyá àmì yín wà nínú ìwé wọn. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ san án. Èrè ẹlòmíràn ni ó wà lọ́wọ́ yín.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.